Ẹ Tún Un Kà: Bí Mo Ṣe Fi Iṣẹ́ Ìṣirò Jẹun ní Ìkirè àti Àpòmù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé "gbogbo ayé ló mọ̀," ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í: "Èèyàn mélòó lo bi léèrè?" Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Àwọn àna mi pàápàá ti kọ́ láti máa ṣọ́ ẹnu wọn bí mo bá wọlé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn àríyànjiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ mi máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri. Iṣẹ́ tí mo ṣe ló sọ mí dà báyìí. Èmi ni Múníràtù, ọmọ bíbí Ìkirè, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò, ìyẹn iṣẹ́ kí a máa ka nǹkan, kí a máa wọn nǹkan, kí a sì máa wádìí ohun tí iye tí a kó jọ ń sọ gan-an. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa gbá mú, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún ìṣirò nítorí pé wọ́n ní ó le, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn rárá. Mo jáde ní ilé ìwé girama, wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ̀wé kó hàn, tó sì lè fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Mo lè ṣe méjèèjì. Owó oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, kí ẹnì kan má baà sá lọ kí n tó dé ibi tó dùn. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́.

Ọ̀gá Ọlágòkè ni à ń pè é. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ funfun ni yóò wọ̀, láìwọ bàtà, ṣùgbọ́n tí ó bá di ọjọ́ Ajé, bàtà rẹ̀ á máa dán ju ti ṣọ́jà lọ. Kò ga, kò sanra, kì í pariwo. Gbólóhùn kan ni ó fi ń pa wá lẹ́kún: "Ẹ tún un kà." Bí a bá kó iṣẹ́ wá, ó tọ̀nà o, kò tọ̀nà o, ohun tó máa kọ́kọ́ wí nìyẹn. A wá sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ-Tún-Un-Kà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn nínú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rán mi, ọjà Àpòmù ló rán mi lọ. Ó ní kí n lọ wọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kí a lè mọ bí èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń kó wá lọ́dún náà ṣe tóbi tó. Mo gbé òṣùwọ̀n wa sórí, mo lọ, mo wọ̀n, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì padà dé kíá. Ayọ̀ ń bú jáde lára mi. Ó wo ìwé mi fínnífínní.

"Ibo lo dúró sí?"

"Inú ọjà ni, sà."

"Apá ibo nínú ọjà?"

"Ẹ̀bá títì, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Múníràtù, ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Ìkirè, ìlú onídòdò, ṣé o rí ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, tó kó èyí tó kéré síwájú? Ojú ọjà lo wọ̀n. O ò tíì wọn ọjà. Padà lọ."

Mo padà lọ tìbínú-tìbínú. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ọjà lóòótọ́, mo rí àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tíńrín bí ìka ọmọdé, tí wọ́n fi ewé bò mọ́lẹ̀. Ká ní iye àkọ́kọ́ yẹn la mú lò, gbogbo ayé ì bá gbà pé ọdún yẹn dára fún àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ebi ló ń pa wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ló ti kọ́ mi ní ohun tó ń pè ní yíyàn láìwojú. A ó fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a ó kọ nọ́ńbà náà sí bébà, a ó ká a, a ó da gbogbo rẹ̀ sínú igbá, a ó sì dijú mú un. Ẹni tí bébà rẹ̀ bá jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó lọ. Ó ní ojú èèyàn máa ń ṣègbè, pé bí a bá fi ojú yàn, ọ̀dọ̀ ẹni tó rẹ́rìn-ín sí wa la máa lọ, tàbí ibi tí ibòji wà. Lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà ìyá kan tí gbogbo ọjà mọ̀ sí eléèébú jáde. Ẹ̀rù bà mí.

"Ọ̀gá, ìyá yẹn máa ń bú èèyàn o."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà ń búni?"

Mo lọ. Ó bú mi tán, ó sì jẹ́ kí n wọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo la ṣe lè wọn díẹ̀ kí a sì sọ pé a mọ púpọ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó ń se ọbẹ̀ kì í mu ìkòkò tán kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ṣíbí kan ti tó, bí ó bá ti rò ó dáadáa. Àìrò ọbẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ oníṣirò.

Ní Ìkòyí, èyí tó wà nítòsí Àpòmù, kì í ṣe ti Èkó, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìpíndọ́gba. A lọ ka àpò kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kó jáde. A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a pín in láàárín wọn lórí bébà, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan sì dára gan-an. Mo fi ìdùnnú kéde rẹ̀ nípàdé wọn. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àṣé Alájì kan wà láàárín wọn tó ní oko kòkó tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Kòkó Alájì nìkan ló gbé gbogbo wọn ga sókè. Ọ̀gá mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní kí gbogbo wọn tò, kí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù wà lápá kan, kí Alájì wà lápá kejì. Ariwo sọ! Àwọn kan kò fẹ́ kí a mọ̀ pé tiwọn kéré, àwọn kan ń ti ara wọn sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tò tán, ó rìn lọ bá ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn, bàbá kan tó ń jẹ́ Gàníyù, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ̀yin ni Ìkòyí. Ohun tí ẹ kó jáde ni mo máa kọ."

Inú Bàbá Gàníyù dùn débi pé ó sìn wá dé ẹ̀bá títì. Ìka kò dọ́gba, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìpíndọ́gba dára bí nǹkan bá sún mọ́ra, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ga fíofío láàárín àwọn tó kúrú, ẹ wá ẹni àárín. Ẹ sì máa sọ bí ẹni tó kéré jù ti jìnnà sí ẹni tó pọ̀ jù tó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń wà.

N kò gbọdọ̀ gbàgbé Káyọ̀dé, ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Àpòmù, ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́dún kan ó sáré wọ ọ́fíìsì, ó ní òun ti mọ ohun tó ń fa àrùn kòkó. Ó ní gbogbo abúlé tí àwọn elétò ọ̀gbìn, àwọn tí ìjọba ń rán láti gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, ń lọ jù ni àrùn ti pọ̀ jù, nítorí náà àwọn gan-an ló ń gbé e kiri nínú bàtà wọn. Ọ̀gá bi í pé ta ló kọ́kọ́ dé, ṣé elétò ọ̀gbìn ni àbí àrùn. Káyọ̀dé ṣí ìwé rẹ̀ wò. Àrùn ló kọ́kọ́ dé, nítorí rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ránṣẹ́ pe àwọn elétò ọ̀gbìn. Àkùkọ kọ, àkùkọ ò kọ, ilẹ̀ á mọ́. Nǹkan méjì lè máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó máa tan ìròyìn kálẹ̀ lórí fóònù yín.

Irinṣẹ́ wa náà yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ ìṣirò tí mo bá lọ́fíìsì, ọwọ́ la fi ń yí i bí ẹni ń lọ ata. Yóò pariwo, apá á ro wá, ìdáhùn á wá yọ jáde. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń wọ àpò dé. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá rẹ̀, nígbà tí àwa èèyàn ń làágùn níta. Kí n tó fẹ̀yìn tì, fóònù ti gba ìwé lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ á dúró sínú oko, iye á sì ti dé ọ́fíìsì kí àgbẹ̀ tó kí wọn tán. Mi ò bínú sí i rárá, ó dùn mọ́ mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ẹ̀rọ mọ ìṣirò ju wa lọ, ṣùgbọ́n àwa la máa béèrè ìbéèrè, bí a bá sì ti béèrè rẹ̀ gbòdì, ẹ̀rọ á kàn bá wa ṣìnà kíákíá ni.

Ọdún tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gan-an ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Rámọ́tù. Ó fẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó kan, Làmídì, wọ́n sì ń gbé ní Abà Olókùúta, lẹ́yìn Ararọ̀mí-Òwu, níbi tí ọkọ̀ kì í dé tí òjò bá ti rọ̀. Ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú un nígbà òjò. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà pé kí wọ́n máa gbé e bọ̀ ní Ìkirè, àṣé odò ti kún bo afárá. Ọmọ náà kò yè. Ó dùn wá wọ egungun. Rámọ́tù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò ní lóyún mọ́ láyé, àfi bí ibi tí òun máa bímọ sí bá sún mọ́ òun. Làmídì, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ju kòkó lọ, gbà fún un.

Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn máa kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan sí agbègbè wa. Ẹyọ kan ni. Ó lè bọ́ sí àdúgbò tuntun kan ní ìgboro Ìkirè, ó sì lè bọ́ sí oríta tí Abà Olókùúta àti àwọn abà tó yí i ká ti pàdé. Ibi tí èèyàn bá ti pọ̀ jù ni wọ́n máa kọ́ ọ sí, àwa ni kí a sì lọ ka àwọn èèyàn náà. Àwọn tó ga jù wá lọ ló mú ọjọ́. Wọ́n ní kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ Iléyá, nítorí pé àwọn tíṣà á wà ní ọlidé, wọ́n á lè bá wa kà. Ọ̀gá mi kùn díẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé: "Ẹ sáà fẹ́ bá èèyàn nílé, àbí? Ìgbà ọdún ni èèyàn ń wà nílé."

Ọ̀rọ̀ náà sì dà bí òtítọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ̀ pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Bí Iléyá bá ti dé, gbogbo abà á tú, oníkálukú á gbọ̀nà agboolé bàbá rẹ̀. Ní ilé wa ní Ìkirè, ẹní kan ẹní ni lọ́dún yẹn, èèyàn ń sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Àpòmù ni wọ́n rán èmi lọ. Káyọ̀dé ló lọ sí àwọn abà, ó sì padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ewúrẹ́ ni òun bá níbẹ̀, àti bàbá arúgbó kan tí kò gbọ́ràn.

Kí ọ̀sẹ̀ ọdún tó parí, kọ̀ǹpútà ti gba gbogbo rẹ̀, ó sì ya àwòrán òpó fún wa, aláwọ̀ mèremère, tí gíga òpó kọ̀ọ̀kan fi iye èèyàn hàn. Òpó ìgboro ga dé òkè bébà. Ti àwọn abà kò ga ju èékánná lọ. Àwọn ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́, Ọ̀gá Ọlágòkè buwọ́ lùwé. Mo wo òpó kékeré yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ Abà Olókùúta. Mo mọ bí ilé ibẹ̀ ṣe ń pariwo. Ibo ni wọ́n wà?

Mo sáré délé. Rámọ́tù ń di ẹrù rẹ̀ láti padà.

"Àǹtí mi, nígbà tí tíṣà wá bi yín pé níbo lẹ ń gbé, kí lẹ wí?"

"Ìkirè ni. Kí ni kí n wí?"

"Ẹ ò dárúkọ Abà Olókùúta?"

Ó fi ẹrù sílẹ̀, ó káwọ́ sí ìbàdí. "Kí n jókòó sínú agboolé bàbá mi, lọ́jọ́ ọdún, nínú léèsì tuntun, kí n máa sọ fún àjèjì pé ará oko ni mí? Ṣé kò sí o, Múnírà?"

"Wọ́n ti kà yín mọ́ Ìkirè. Ìgboro ni ilé ìgbẹ̀bí máa bọ́ sí."

Ó jókòó lórí ẹrù náà. Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Mi ò mọ̀ o. Lọ bá wọn sọ ọ́. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, lọ bá wọn sọ ọ́."

Mo lọ bá Ọ̀gá. Nígbà náà, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ yìí sì ni wọ́n ń fi yìn ín kiri. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ni o bi? Ẹnì kan kì í ṣe ìlú. Ẹ lọ yan ilé láìwojú, kẹ́ ẹ bi wọ́n."

Ìṣòro wá ni bí a ṣe máa bi wọ́n, nítorí kò sí ọmọ Ìkirè tó máa jókòó sílé bàbá rẹ̀ kó pe ara rẹ̀ ní ará abà. Káyọ̀dé ló ronú kàn án, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní ká má bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé mọ́, ká bi wọ́n pé: "Níbo ni adìyẹ yín wà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìtìjú kò sí lórí ọ̀rọ̀ adìyẹ. Bí a ṣe ń béèrè ni wọ́n ń dáhùn: adìyẹ wọn wà ní abà, ó ń ká wọn lára, àwọn fẹ́ tètè padà nítorí àṣá. Ìyàwó kan láti Abà Olókùúta ní bàbá arúgbó kan báyìí ni gbogbo àwọn fi ṣọ́ adìyẹ, pé kò gbọ́ràn ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Káyọ̀dé dojú bolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ilé tó pọ̀ nínú èyí tí igbá yàn fún wa, ẹni tí a kà sí ará ìgboro, adìyẹ rẹ̀ wà lóko.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá àgbà tún pé jọ, Ọ̀gá Ọlágòkè dìde. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Iye tí a kó fún yín kò dára," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un kà."

Ẹni tó ga jù níbẹ̀ fi ìka kan ìwé náà. "Ọwọ́ yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ o."

"Ọwọ́ mi náà ni mo fi ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fà á ya."

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa fẹ̀yìn tì láìpẹ́. Ṣé báyìí lẹ fẹ́ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Báyìí gan-an."

Wọ́n bínú. Wọ́n ní ìdádúró ni. Wọ́n sọ pé a kì í tìtorí adìyẹ da ètò ìjọba rú. Ṣùgbọ́n kò jókòó, kò sì gbé ohùn sókè, ìyẹn ló mú kó ṣòro láti bá a jà. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ lásán la yàn lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí kò sí ọdún, tí ilé ìwé wọlé, tí gbogbo àgbẹ̀ wà nídìí iṣẹ́. Abà tí Káyọ̀dé bá ewúrẹ́ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó dé ibẹ̀, ọmọ wẹẹrẹ ló ya bò ó. Òpó abà ga, ó bo ti ìgboro. Oríta ni wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nínú ọ́fíìsì, Káyọ̀dé sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kó dé ibẹ̀ ni Rámọ́tù lóyún. Lọ́jọ́ tí ìrọbí mú un, ó ní òun gbé ẹ̀wà kaná, òun sì fi ẹsẹ̀ òun rìn lọ, Làmídì ń sá tẹ̀ lé òun pẹ̀lú báàgì, ó ń bẹ òun pé kí òun rọra. Obìnrin ló bí. Bàbá wa ní Ìkirè ti ń gbá ojúde nítorí ìsọmọlórúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe é, nígbà tí Rámọ́tù ránṣẹ́ pé Abà Olókùúta ni òun máa ti sọ ọ́.

"Nínú oko?" ni Bàbá ń pariwo. "Láti ìgbà wo la ti ń sọmọ lórúkọ nínú oko?"

Lọ́jọ́ kẹjọ, òun ló kọ́kọ́ múra tán nílé. Ìsọmọlórúkọ àkọ́kọ́ ni ní abà náà. Àlùfáà láti Ìkirè gun ọ̀kadà wá. Àwọn èèyàn rọ́ wá láti àwọn abà yòókù, àwọn obìnrin mìíràn tó ti bímọ ní oríta náà sì gbé ọmọ tiwọn dání. Ọ̀gá Ọlágòkè, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, fi bàtà dídán rẹ̀ gba inú ẹrẹ̀ wá. Wọ́n sọ ọmọ ní Àlímọ́tù, wọ́n ṣàdúà, oúnjẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ó ku Ọ̀gá nìkan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń wo àwọn èèyàn láti ọ̀tún lọ sí òsì, ètè rẹ̀ ń mì, ìka rẹ̀ ń gbá itan rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Rámọ́tù rí i. Ó gbé ọmọ sí apá kan, ó gbé abọ́ oúnjẹ sí ọwọ́ kejì, ó lọ bá a.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ẹ má tún wa kà mọ́ jàre. A ò lọ síbì kankan. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹun."

Ó gba abọ́ náà, ó sì jókòó.